Ìwé Ohun Tó Fọ́

Ní ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà lé Ìyá Ìgò lọ́wọ́, ìgò mẹ́rìnlélógójì ló wà nínú síìnkì níwájú rẹ̀, ó sì fọ gbogbo wọn tán kí ó tó ṣí lẹ́tà náà. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìgò lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àwọn tó wọ táì lẹ́yìn. Nígbà tí ó nu ọwọ́ tán tí ó kà á, ó tún un kà, ó sì wá jókòó lé orí korobá tó dojú dé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí kí ó ṣe láti ọdún méjìdínlógún tí ó ti wà níbẹ̀.

Lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní ìwé fi hàn pé òun, afọgò, ti fọ́ ohun èlò gíláàsì igba ó lé mẹ́rìnlá. Kí ó wá ní Ọjọ́bọ̀, kí ó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní í lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Igba ó lé mẹ́rìnlá! Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Obìnrin tí ó jẹ́ pé ohun mọ́kànlá péré ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, tí ó sì rántí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni ń rántí ọjọ́ ìbí ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ó gbá ilẹ̀, nítorí òfin kan wà ní yàrá ìfọgò tí kò sí nínú ìwé kankan: ẹni tó bá fọ́ ọ, òun ni yóò gbá a. Kò sí pé o jẹ́ ọ̀gá, kò sí pé o jẹ́ àlejò. Ìgbálẹ̀ àti ìkópàǹtí rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn kì í sì í bá ẹlòmíràn gbá tirẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń yẹ omi wò, bóyá ó mọ́ tó fún ènìyàn láti mu. Àwọn aláṣọ funfun wà lókè, pẹ̀lú fèrèsé ńlá àti àga tó ń yí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yàrá ìfọgò wà: síìnkì mẹ́ta, tábìlì onírin kan, fèrèsé kan ṣoṣo tó kọjú sí ògiri, àti ìkòkò ńlá onírin tí wọ́n fi ń fi ooru pa kòkòrò tó bá kù nínú ìgò. Ènìyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìyá Ìgò ń fọ̀. Bàbá Ìbejì, ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, ń gbé ìgò sínú ìkòkò. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Adúmáadán ń kó èyí tó ti gbẹ lọ sókè.

Bí ìwé ohun tó fọ́ ṣe dé ọwọ́ Ìyá Ìgò kò le. Ìwé mẹ́fà ló kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára débi pé àwọn aláṣọ funfun máa ń wá bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wọn kọ orúkọ sára ìgò. Ọ̀gá wọn àtijọ́, tó ti di olóògbé báyìí, gbé ìwé kan fún un lọ́jọ́ kan. Ìlà mẹ́rin ló fà sí i: ọjọ́, ohun èlò, ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní níbi ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó ṣáà máa kọ “broke”, nítorí àwọn ará òkè kò nílò ìtàn. Níbi orúkọ, kí ó máa kọ tirẹ̀, kí òun lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ìyá Ìgò ṣe bí wọ́n ṣe ní kí ó ṣe. Lójoojúmọ́, bí ohun kan bá fọ́, ẹni tó fọ́ mọ́ lọ́wọ́ yóò kọ ọ́ ní Yorùbá sórí ìwé pélébé, yóò fi kọ́ orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìnkì. Nírọ̀lẹ́ Ẹtì, Ìyá Ìgò yóò kó wọn kúrò lórí ìṣó, yóò dà wọ́n kọ sínú ìwé ńlá: “broke”, orúkọ rẹ̀. “Broke”, orúkọ rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀gá àtijọ́ kú, Ọ̀gá Tuntun dé, ó ṣí ìwé náà, ó sì rò pé òun ti mú olè.

Ìyá Ìgò gun òkè lọ bá a. Oṣù mẹ́ta péré ni Ọ̀gá Tuntun tíì lò níbẹ̀. Àkọ́bí Ìyá Ìgò fi ọdún méjì jù ú lọ.

“Jókòó,” ni ó wí.

Kò sọ pé “ẹ jókòó”. Jókòó, bí ẹni ń bá ajá ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Ìgò dúró.

“Ṣé ìwọ lo kọ èyí?”

“Èmi ni mo kọ ọ́, ọ̀gá.”

“Orúkọ ta nìyí?”

“Orúkọ mi ni.”

“Kí ló wá kù tí à ń bára wa sọ?”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ẹni tó kọ ìwé nìyẹn. Kì í ṣe orúkọ ẹni tó fọ́ nǹkan. Ọ̀gá tó wà níbí tẹ́lẹ̀ ló ní kí n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ọ̀gá tó ti kú.”

“Ó ti kú lóòótọ́. Kó tó kú ló sọ ọ́.”

Ọ̀gá Tuntun rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí Ìyá Ìgò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. “O fẹ́ kí n gbà pé fún ọdún méjìdínlógún, orúkọ ara rẹ lò ń kọ sídìí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀? Wò ó. ‘Broke’, ‘broke’, ‘broke’. Odindi ìwé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́ á sọ bó ṣe fọ́. Máa lọ. Ọjọ́bọ̀ la ó rí ara wa.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ padà. Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe “ìwọ” tí ọmọ àná ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà dùn ún wọ egungun. Ohun tó dùn ún ni pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ó mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fọ́. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ẹnì kan sọ fún un pé wọn kò nílò ìtàn.

Ó ní kí Bàbá Ìbejì àti Adúmáadán bá òun lọ ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n lọ sọ bí ọ̀rọ̀ ìṣó náà ṣe rí. Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti gbẹ. Bàbá Ìbejì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ìyá Ìgò, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀. Bí mo bá ní èmi ni mo fọ́ tèmi, èmi ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí.”

“Èmi wá ni kí wọ́n pa jẹ?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà.”

“Kí lo wá sọ? Lọ́jọ́ tí ìgò bẹ́ nínú ìkòkò yẹn, tí omi gbígbóná bó ọ lápá, ta ló ya aṣọ orí rẹ̀ tó fi dì ọ́ lápá? Ta ló bá ọ kọ̀wé sókè pé kí wọ́n wá tún ìkòkò ṣe?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ṣé wọ́n tún un ṣe?”

“Wọn ò tún un ṣe.”

“O káre,” ni Ìyá Ìgò wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ó fọ ìgò títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Ọmọbìnrin Ìyá Ìgò tó kéré jù ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé girama kan. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, ó wá wo òbí rẹ̀. Ó bá bàbá rẹ̀, kafíńtà, lẹ́yìnkùlé, ní ìdí pákó. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀ pálọ̀, pẹ̀lú agolo bisikíìtì kan ní ẹ̀gbẹ́, àti ìwé pélébé tó kún gbogbo ẹní.

“Màámi, kí lèyí?”

“Ìṣó ni,” ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

Gbogbo ìwé tó ń kó kúrò lórí ìṣó, kò da ọ̀kan nù rí. Ó kàn ń kó wọn wálé ni, bí àwọn kan ṣe ń kó bọ́tìnnì jọ. Aáyán ti jẹ nínú ti ọdún àkọ́kọ́, omi ti ba òmíràn jẹ́, ṣùgbọ́n ọgọ́sàn-án ó lé kan ló kù tó ṣeé kà. Ó nà án sí ọmọ rẹ̀. *Ẹnu túùbù ṣẹ́. Ife sán nígbà tí mo da omi gbígbóná sí i. Ìgò bẹ́ nínú ìkòkò. Etí àwo bù. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ yángá.* Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ ọ́ ti fọwọ́ sí i.

“Wo ohun tí wọ́n sọ,” ni Ìyá Ìgò wí. “Ṣẹ́. Sán. Bẹ́. Bù. Fọ́ yángá. Èmi wá kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, mo jù wọ́n sínú àpò kan, mo so ó pa. Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?”

“Kò ní ẹyọ kan, Màámi. Ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ní kí ẹ máa kọ ‘broke’ ló fún yín ní ẹyọ kan.”

Bí iná ṣe ń ràn nínú pápá gbígbẹ ni inú Ìyá Ìgò ṣe ràn. Ó bú olóògbé náà bí ẹni pé ó wà nínú pálọ̀. Ó bú ara rẹ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ kí ó bú u tán, ó wá jókòó sórí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé ìṣó náà sí òkìtì òkìtì.

“‘Break’ ni ìyá gbogbo wọn,” ni ó wí. “Ibi gbogbo ló ń wọ̀. Wọ́n ń ‘break’ àwo, wọ́n ń ‘break’ òfin, wọ́n ń ‘break’ àdéhùn, wọ́n ń ‘break’ ààwẹ̀.”

“Rú òfin, yẹ àdéhùn, ṣínu. Ọ̀rọ̀ kan náà?”

“Ọ̀kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Èyí tó bá sán, tí ìlà ti gba ara rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì pín, ‘crack’ nìyẹn. Wọ́n tún máa ń ‘crack’ àwàdà.”

“Ta ló ń bá wọn dá àpárá?”

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìnkùlé, bàbá rẹ̀ gbé orúnkún ti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ṣẹ́ ẹ, wọ́n sì gbọ́ ọ kánín. “Ìyẹn gan-an ni ‘snap’,” ni ọmọ wí. “Ohun tó ṣẹ́ tàbí tó já lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Igi, okùn, ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́. Kódà ènìyàn tí sùúrù rẹ̀ tán.”

“Èmi nìyẹn.”

“Ẹ̀yin kọ́ o. Tiyín ń bọ̀. Èyí tí etí rẹ̀ bù díẹ̀, ‘chip’. Èyí tó fọ́ yángáyángá, ‘shatter’. Bí ẹnì kan bá fi agbára là á mọ́lẹ̀, ‘smash’. Ẹ wá wo òkìtì yìí.”

Òkìtì tó ń tọ́ka sí ga ju gbogbo èyí tó kù lọ. *Ìgò bẹ́ nínú ìkòkò. Ìgò méjì bẹ́. Ó tún ti bẹ́.*

“‘Burst’ lèyí. Ohun tí nǹkan wà nínú rẹ̀, tí nǹkan náà ń tì í síta, tí kò wá lè gbà á mọ́. Táyà, páìpù, bàlúùnù. Bí ẹkún bá kún inú ènìyàn tó sì tú jáde, wọ́n ń lo ‘burst’ fún ìyẹn náà.”

“Bú sẹ́kún,” ni Ìyá Ìgò wí lọ́ra.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí ni tiyín, Màámi. Ẹ ò sì rí i? Ohun tó bá ‘burst’, ẹ kì í sábà béèrè ta ló ṣe é. Ẹ máa ń béèrè kí ló wà nínú rẹ̀.”

Ìyá Ìgò ka òkìtì náà. Mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó ka ọjọ́ tó wà lórí wọn. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀kan. Ní ọdún tí aago ìkòkò bàjẹ́, tí kò fi agbára ooru hàn mọ́, mẹ́jọ. Láti ìgbà náà wá, ó ń pọ̀ sí i ni. Fún ọdún mẹ́fà ni ìkòkò yẹn ti ń ké gbàjarè, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi ọ̀rọ̀ kan dí i lẹ́nu lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo. Ó rántí apá Bàbá Ìbejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló rí ìwé márùn-ún kan tó wà nísàlẹ̀ agolo, tí a fi rọ́bà dè pọ̀. Ó mọ̀ wọ́n kí ó tó tú wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi lọ sin ìyá rẹ̀ ni. Ó padà dé, ojú rẹ̀ ṣì wú, ó bá ìwé márùn-ún lórí ìṣó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá: “broke”, orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ènìyàn mẹ́ta ló jókòó ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Tuntun: òun fúnra rẹ̀, bàbá àgbà kan láàárín àwọn aláṣọ funfun, àti obìnrin kan, onígíláàsì ojú, tí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ńlá wà lórí tábìlì. Ọ̀gá Tuntun tún gbé ọ̀pá ìwọn gíláàsì tuntun kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn yòókù lè rí irú ohun ẹlẹ́gẹ́ tí afọgò yìí ń bàjẹ́.

“Sọ tẹnu rẹ,” ni ó wí fún un.

Ìyá Ìgò kò jókòó. Ó to àpòòwé márùn-ún sórí tábìlì, ó ti kọ Gẹ̀ẹ́sì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ rẹ̀ tó dára. “Crack.” “Snap.” “Chip.” “Shatter.” Èyí tó kẹ́yìn sanra débi pé kò ṣeé lẹ̀ pa.

“Ẹ ní ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ á sọ bó ṣe fọ́,” ni ó wí. “Bó ṣe fọ́ nìyí. Ọgọ́sàn-án ó lé kan. Mẹ́tàléláàádọ́rin nínú wọn, ọwọ́ ènìyàn kọ́ ló fọ́ wọn. Wọ́n bẹ́ ni. Nínú ìkòkò tí aago rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tí a kọ̀wé lé lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti bó ènìyàn kan lápá. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní í jẹ́ apá nìkan.”

Bàbá aláṣọ funfun fa àpòòwé tó sanra náà sọ́dọ̀. Ó ń kà á, ojú rẹ̀ ń fàro sí i.

“Ní ti orúkọ mi,” ni Ìyá Ìgò tún wí fún obìnrin onígíláàsì ojú, ó sì fi ìka tọ́ka sínú ìwé ńlá, “mà, ẹ bá mi wo ìwé ìwọlé ti oṣù tí mo sin ìyá mi. Ẹ bá mi wo ọjọ́ márùn-ún yìí. Bí ẹ bá rí mi nínú ilé iṣẹ́ yìí lọ́kan nínú wọn, kí wọ́n lé mi lónìí.”

Obìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀. Ó fi ìka tọ ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kejì, títí dé ìkarùn-ún. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Kò sí níbí,” ni ó wí. “Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ohun tó fọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sí níbí.”

Ojú ti Ọ̀gá Tuntun, ṣùgbọ́n ìtìjú irú wọn kì í pẹ́ di ìbínú. “Ó dáa! Kì í ṣe ìwọ. Ta wá ni? Orúkọ wọn wà lórí ìwé pélébé yìí. Ka orúkọ wọn jáde!”

Ìyá Ìgò ronú kan Bàbá Ìbejì tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ronú kan Adúmáadán àti tábìlì tó ti gbẹ. Inú ṣì ń bí i sí wọn, ó sì máa bí i fún ìgbà pípẹ́. Ó kó àpòòwé mẹ́rin tó kù padà sínú báàgì rẹ̀.

“Mo ti sọ bó ṣe fọ́. N ò ní í ka orúkọ ẹnikẹ́ni.”

“O máa kà á!” ni Ọ̀gá Tuntun kígbe, ó sì lu tábìlì gbàà.

Ọ̀pá ìwọn yí gbirigbiri dé etí tábìlì, ó sì já bọ́. Ó fọ́ yángáyángá, ẹyọ kan sá títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Ìgò fa ìwé ńlá sọ́dọ̀, ó sì mú bírò. Ó kọ ọjọ́. Ó kọ ohun èlò. Níbi ohun tó ṣẹlẹ̀, kò kọ “broke”. Ó kọ ọ́ ní kíkún, pé wọ́n lu tábìlì, pé ó já bọ́, pé ó “shatter”. Ìgbà tó dé ibi orúkọ, ó dúró.

“Ọ̀gá, orúkọ ta ni kí n kọ síbí?”

Bàbá aláṣọ funfun wúkọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin onígíláàsì ojú ti mú lẹ́tà ìléni náà, ó ya á sí méjì, ó sì ní kí wọ́n ti ìkòkò ńlá pa ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi tún un ṣe.

“Orúkọ mi,” ni Ọ̀gá Tuntun wí sínú kọ́là rẹ̀. “Ẹ kọ orúkọ mi, mà.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó pè é ní “ẹ” nìyẹn. Ìyá Ìgò kò gbóríyìn fún un, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó kọ orúkọ náà gàdàgbà, ó pa ìwé dé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Nígbà tí ó padà gòkè wá, ìgbálẹ̀ àti ìkópàǹtí yàrá ìfọgò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ bàtà Ọ̀gá Tuntun.

“Ẹ rọra gbá a o, ọ̀gá,” ni ó wí. “Ó máa ń gé ènìyàn lọ́wọ́.”